Àga Ẹlẹ́ni Mẹ́ta

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà
ni wọ́n ń ta àga tuntun ní Kugbo,
èyí tí ọ̀rá ṣì bò lára.
Mo fọwọ́ kan apá rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín,
mo ní, "Ẹ má bínú, mo kàn yà kí i ni."

Owó ìfẹ̀yìntì ń bọ̀, ó ń bọ̀,
bí òjò Kubwa nínú oṣù kejì:
ẹ máa wòkè, ẹ ó wò ó tì.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wo àga mi nílé.
Ọyẹ́ ogún ọdún ti fi eruku pa á láró,
àárín rẹ̀ jìn bí ọ̀nà tí kọngílá gbowó rẹ̀ sá lọ.
Àlejò tó bá jókòó, a ó nawọ́ fà á dìde.
Ọjọ́ tí sípíríǹgì gún pásítọ̀ nídìí
níbi tó ti ń gbàdúrà, tó pariwo "Jésù!",
tí gbogbo wa dáhùn pé "Àmín,"
mo mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Mo ké sí Ndagi, ọmọ Bida,
tó ń tún àga ṣe lábẹ́ máńgòrò lẹ́yìn ọjà.
Ó yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ra màlúù.
Ó fi òòlù kan igi rẹ̀, kó, kó.
"Màmá, ìrókò lèyí. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́.
Awọ ló gbó, egungun ò ṣe nǹkan kan."
Mo ní, "Ire tiẹ̀ nìyẹn.
Tèmi, àtawọ àteegun ni."

A ná an títí, ó bọ́ sí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta,
bí mo bá lè fa aṣọ kalẹ̀ fúnra mi.
Mo ṣí àpótí. Kọ́tìnnì ilé wa ní Kàdúná ló jáde,
aláwọ̀ ewé, ó ṣì nípọn.
Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí omi tó mọ́.

Ndagi wá ń bó àga.
Aláwọ̀ ilẹ̀ kọ́kọ́ ṣí: ọdún tí a kó wá sí Abuja.
Abẹ́ rẹ̀, árán pupa: Mojírádé ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ní Zaria.
Abẹ́ ìyẹn, olódòdó, nígbà tí irun mi ṣì dúdú.
Kọ́bọ̀ méjì jábọ́, àti kùkùté pẹ́ńsù,
àti eyín ọmọdé kan tí n kò mọ olówó rẹ̀.
Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá ni ojú abẹ́rẹ́ kan wà,
òwú dúdú lára aṣọ funfun,
ó ń tàgé bí ọ̀mùtí tó ń wá ilé lóru.
Ndagi bú sẹ́rìn-ín:
"Télọ̀ wo lèyí? Kó dá owó yín padà!"

Mo mọ ọwọ́ yẹn.
Mo mọ òwú yẹn, tí wọ́n fi ń rán àpò ẹrù ní rélùwéè.
Ọkọ mi, tó ní òun ò lè so bọ́tìnnì,
tó máa ń gbé ṣẹ́ẹ̀tì lé mi lẹ́sẹ̀
bí ẹni gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀.
Àga ti ya kí n tó lọ bímọ sí Ìlá.
Mo padà dé, ó ti fi aṣọ tábìlì bò ó, ó jókòó lé e,
ó ní káfíńtà ti wá tún un ṣe.
N ò wo abẹ́ rẹ̀. Ọmọ wà lọ́wọ́ mi.
Kérésì dé, mo ra olódòdó, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀.
Ọdún kọkànlá rèé tó ti lọ.

Ndagi mú àlùmọ́gàjí, ó fẹ́ tú u.
Mo ní, "Fi sílẹ̀."
"Màmá, kò lágbára."
"Mo ní kó o fi sílẹ̀. Rán tìẹ yí i ká."

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọlanke gbé e dé.
Tìmùtìmù rẹ̀ le, ó gbé mi sókè,
ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀ dáadáa mọ́.
Kọ́tìnnì tó ṣẹ́kù, Ndagi fi rán ìrọ̀rí méjì, kò gba kọ́bọ̀.
Pásítọ̀ yọjú lọ́jọ́ Àìkú,
ó kọ́kọ́ fọwọ́ tẹ ìjókòó wò.
Mo ní kó sún sápá ọ̀tún díẹ̀.
Kò bi mí ìdí rẹ̀.